Bí Ẹja Inú Táǹkì Bá Ń Hùwà Àjèjì: Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ń sin ẹja lónìí. Àwọn kan fi búlọ́ọ̀kù mọ táǹkì sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn kan ta tapólì sáàárín igi, àwọn mìíràn sì ń lo ike omi ńlá tí wọ́n gé lórí. A tún rí àwọn tí ó gbé àpótí onígíláàsì sí pálọ̀ tàbí ọ́fíìsì, tí ẹja aláràbarà inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ilé fún wọn. Ẹja àrọ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé, òun náà sì ni ẹja tí a ń sìn jù lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Lọ́wọ́ àwọn kan, ẹja yìí ni owó ilé-ìwé ọmọ. Lọ́wọ́ àwọn mìíràn, òun ni owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n dì mọ́ omi, tí wọ́n ń retí pé kí ó padà wá ní èrè.

Ẹja kò lè sọ pé ara ń ro òun. Ìwà rẹ̀ nìkan ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá léfòó sójú omi tí ó ń mí gúlegúle, bí ó bá kọ oúnjẹ, bí ó bá ń fi ara họ ògiri táǹkì, tàbí bí ó bá dúró ní òòró bí ọ̀pá, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn. Kí wọ́n tó dé, ẹja ti kú lé omi. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí a lè gbà mọ ohun tí ó ń ṣe ẹja kí a tó náwó sí i. Kókó rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú omi ni ọ̀ràn wà, kì í ṣe inú ara ẹja. Ẹni tó bá da oògùn sínú omi tó ti bàjẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápálápá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìgboro àtijọ́

Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó, Bẹ́yẹrúnká àti agbègbè wọn, ilé fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Àyíká Ọjà'ba ni àwọn ajagun kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, ibẹ̀ ni ìlú Ìbàdàn sì ti gbilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní ọdún 1929, òrùlé ti kún ẹsẹ̀ òkè náà. Ọ̀pọ̀ agboolé ibẹ̀ ni a kọ́ kí òfin ìlànà ilé kíkọ́ ti òde òní tó dé. Nítorí náà, kànga, ṣáláńgá, ilé ìdáná, ibi ìfọṣọ àti táǹkì ẹja lè wà nínú ọgbà kan náà, láìjìnnà síra wọn.

Ipò yìí ní ohun tí ó ń fà. Fífa omi kànga kún táǹkì jẹ́ iṣẹ́ agbára, nítorí bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn kì í fẹ́ pààrọ̀ omi déédéé. Omi òjò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí páànù àti láti ọgbà lè wọ inú táǹkì. Omi ọṣẹ lè ta sí i. Oògùn ẹ̀fọn tí a fín sí yàrá lè fẹ́ dé orí omi. Olùgbé ìgboro tó bá ń sin ẹja gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ omi rẹ̀ ju ẹni tí adágún rẹ̀ wà ní gbangba oko lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwà ẹja nígbà tí ara rẹ̀ dá

Ẹni tí kò mọ ìwà àbáláyé ẹja kò lè mọ èyí tó jẹ́ àjèjì. Ẹja tí a ń sìn ní ẹ̀yà ìmí lábẹ́ ìderí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yà yìí ni ó fi ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú omi. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ẹ̀yà mìíràn nínú orí, èyí tí ó lè fi mí afẹ́fẹ́ òkè bí ènìyàn. Ìdí nìyí tí àrọ̀ fi máa ń gòkè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, tí yóò sì padà sísàlẹ̀. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ kí ó kó wa láyà sókè ni kí gbogbo wọn gòkè pọ̀, kí wọ́n má fẹ́ padà sísàlẹ̀.

Èpìyà àti ẹja aláwọ̀ wúrà inú àpótí gíláàsì kò ní ẹ̀yà kejì yìí. Bí ẹ bá rí wọn lójú omi tí wọ́n ń la ẹnu, ewu ti dé tán.

Àrọ̀ fẹ́ràn òkùnkùn, nítorí náà ó lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án. Àkókò oúnjẹ ni ó dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹja tí ara rẹ̀ yá yóò sáré sí oúnjẹ, omi yóò sì hó yàà. Ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré wo ẹja rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí ó bá ń jẹun yóò tètè rí ìyípadà.

Ìbéèrè kìíní: ṣé ẹyọ kan ni, àbí gbogbo wọn?

Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí gbogbo ẹja bá yí ìwà padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo ohun tí gbogbo wọn jọ ń pín, ìyẹn ni omi. Bí oríṣi ẹja méjì bá wà nínú omi kan náà tí àwọn méjèèjì sì ń jìyà pọ̀, ìfura sí omi tún le sí i, nítorí àìsàn kì í sábàá mú gbogbo ẹja láàárín òru kan.

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ni ó dá dúró, tí egbò wà lára rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ wú, tàbí tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ti ya, ẹ fura sí ọgbẹ́ tàbí àìsàn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọmọ àrọ̀ a máa jẹ ara wọn. Bí ìrù bá gé, tàbí bí iye ẹja bá ń dín kù láìrí òkú, ẹ ṣa àwọn ńlá kúrò láàárín àwọn kékeré.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan lánàá, mẹ́ta lónìí, mẹ́wàá lọ́la, ó ṣeé ṣe kí àìsàn máa ràn. Ẹ ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko.

Ìbéèrè kejì: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?

Aago tí ìwà náà bẹ̀rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ó fà á.

Bí ó bá jẹ́ ìdájí, ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èéhù aláwọ̀ ewé tó wà nínú omi a máa tú ọ́síjìn jáde nígbà tí oòrùn bá ràn, ṣùgbọ́n ní òru òun náà ń lo ọ́síjìn. Ẹja ń lò ó, ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ táǹkì náà ń lò ó. Ọ́síjìn a máa kéré jù lọ kí oòrùn tó yọ. Bí ara ẹja bá balẹ̀ nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn. Ooru tún ń dá kún un: omi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 20°C lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan, ṣùgbọ́n ní 30°C kò lè gbà ju nǹkan bí 7.5 lọ. Òru gbígbóná kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nílò ìṣọ́ra púpọ̀.

Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ omi, omi tuntun náà ni kí ẹ bi léèrè. Bí ó bá jẹ́ wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fura sí àjẹjù àti ìdọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí ẹja kàn ń jẹun díẹ̀díẹ̀ láìsí àmì mìíràn, òtútù lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Omi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 25°C sí 30°C ni ó bá àrọ̀ lára mu jù. Ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ má bàa sọ ìyókù di ìdọ̀tí.

Ìbéèrè kẹta: kí ni ó yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta?

Ẹ jókòó, kí ẹ sì ronú. Ṣé ẹ ra oúnjẹ tuntun? Ṣé ẹ kó ẹja láti ibòmíràn wọ inú táǹkì? Ṣé òjò ńlá rọ̀, tí àgbàrá wọlé? Ṣé ẹnìkan fín oògùn ẹ̀fọn? Ọ̀pọ̀ oògùn tí a fi ń pa ẹ̀fọn ni ó le fún ẹja gan-an, kódà bí ó bá kéré. Ṣé iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sì dákẹ́? Ṣé táǹkì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ? Sìmẹ́ǹtì tuntun a máa sọ omi di bí omi eérú, ó sì lè jó ara ẹja. A gbọ́dọ̀ rọ omi sí i, kí a dà á nù, kí a tún rọ òmíràn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹja tó wọ ibẹ̀.

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ní àpótí onígíláàsì. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ṣe wá láǹfààní máa ń gbé ara òkúta àti ẹ̀rọ asẹ́mi, wọ́n sì ń sọ ìdọ̀tí ẹja di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lè gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó bá kó ohun gbogbo jáde, tó fi omi ẹ̀rọ oníkiloríìnì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ti pa àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ẹja rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àìsàn nínú omi tó ń dán gbinrin.

Amóníà, apani tí ojú kò rí

Omi lè mọ́ lójú kí ó má mọ́ nínú. Nígbà tí oúnjẹ bá dà lára ẹja, ohun kan tí à ń pè ní amóníà ń jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yà ìmí bọ́ sínú omi. Láti inú kílò kan oúnjẹ ẹja tó dára, nǹkan bí gíráàmù 30 sí 40 amóníà lè jáde. Amóníà yìí a máa jó ẹ̀yà ìmí. Ẹja kò ní fẹ́ jẹun, yóò rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà yóò máa ta gìrì káàkiri.

Kì í ṣe gbogbo amóníà ni ó le bákan náà. Ìwọ̀n tí à ń pè ní pH ni ó ń pinnu èyí. Bí pH omi bá gòkè láti 7 sí 8, apá tó jẹ́ májèlé nínú amóníà yóò di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Omi aláwọ̀ ewé a máa ga ní pH nígbà tí oòrùn bá mú. Ìdí nìyí tí ẹja táǹkì kan fi lè wà ní àlàáfíà láàárọ̀, kí ìṣòro sì dé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fi ohunkóhun kún omi.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan a máa sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn a sì sọ náítíráìtì di náítíréètì tí kò le púpọ̀ fún ẹja. Bí iṣẹ́ bá dúró sí agbedeméjì, náítíráìtì yóò kó jọ. Ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbé ọ́síjìn. Ẹ ṣí ìderí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja kan wò: ẹ̀yà ìmí tó pupa dára, èyí tó dà bí àwọ̀ kòkó ń kìlọ̀ náítíráìtì. Iyọ̀ gíráàmù kan sí lítà omi kan lè ran ẹja lọ́wọ́ ní irú ipò yìí, bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ omi.

Láti mọ iye omi táǹkì yín, ẹ fi mítà wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 sọ èsì náà di púpọ̀. Táǹkì tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1, gba lítà 3,000.

Orísun omi àti àbùkù rẹ̀

Omi kànga àti ti bọ̀họ̀ọ̀lù a máa ní ọ́síjìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀. Omíràn ní irin nínú, tí yóò di ìpẹtà pupa tí yóò sì bo ẹ̀yà ìmí ẹja. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú ike ṣíṣí, kí ẹ sì máa dà á láti òkè kí ó lè gba afẹ́fẹ́.

Omi ẹ̀rọ ìjọba, bí èyí tó ń wá láti Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí a ti ń fa omi láti ọdún 1942, tàbí láti Aṣéjìrẹ tó wà lórí odò Ọ̀ṣun, ni a máa ń fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀ nítorí ìlera ènìyàn. Kiloríìnì yìí dára fún wa, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹ̀yà ìmí ẹja. Ẹ gbé omi náà síta nínú ohun èlò fífẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó lò ó.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a ká sọ pé ìyá kan ní ẹ̀yìn Bẹẹrẹ ní àrọ̀ 300 nínú táǹkì. Ní aago márùn-ún ìdájí, gbogbo wọn wà lójú omi. Ó bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé ọ̀kan ni? Rárá, gbogbo wọn ni. Ìgbà wo? Ìdájí. Kí ni ó yí padà? Ó rántí pé ọmọ òun fi oúnjẹ ọjọ́ méjì fún ẹja ní ìrọ̀lẹ́ àná, àti pé ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn. Kò tíì lọ sọ́jà, kò tíì ra nǹkan kan, ó sì ti mọ̀ pé oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ń jẹrà, ó ń jẹ ọ́síjìn, ó sì ń tú amóníà. Oògùn kankan kò lè kó oúnjẹ yẹn jáde. Páànù àti garawa ni oògùn rẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ẹ kó òkú ẹja jáde. Ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá mẹ́ta sí ìdajì omi pẹ̀lú omi tó ti sùn, tí ìgbóná rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti táǹkì. Ẹ dà á láti òkè. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ aago, iye òkú àti ohun tí ẹ rí sínú ìwé. Àkọsílẹ̀ yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí oníṣègùn yóò béèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sínú omi láìsí àyẹ̀wò. Kò lè dín amóníà kù. Ó tilẹ̀ lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá wa fọ omi. Ìyókù rẹ̀ lè wà nínú ẹran ẹja títí dé orí àwo. Ọ̀nà tí a ń gbà lo irú oògùn yìí ní ìlòkulò wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kòkòrò àìsàn ya olóríkunkun sí oògùn tí àwa ènìyàn ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò orílẹ̀-èdè kan kalẹ̀ ní ọdún 2017. Bí dókítà ẹranko bá kọ oògùn, ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó ta ẹja.

Ẹja tó dédé kú, tí a kò mọ ohun tó pa á, kì í ṣe ọjà. Sísun tàbí yíyan kò lè mú májèlé kúrò lára rẹ̀. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Ẹ má jù ú sínú gọ́tà, nítorí gọ́tà ìgboro ń ṣàn lọ sínú Ògùnpa àti Kúdẹtì.

Ìkìlọ̀ tí ẹja ń ṣe fún ilé

Ohun kan wà tó ju èrè lọ. Bí ẹja bá ń ṣàìsàn ní gbogbo ìgbà tí omi kànga tuntun bá wọ táǹkì, tí ẹ sì ti jẹ́ kí omi náà sùn kí ẹ tó lò ó, ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn ẹja nìkan ni. Kànga kan náà ni àwọn ọmọ ilé ń mu. Ẹ mú omi náà lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì wo bí ṣáláńgá ṣe súnmọ́ ọn tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà. Pé ẹja wà láàyè nínú omi kò túmọ̀ sí pé omi náà dára fún mímu. Kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè wà nínú omi tí ẹja ń wẹ̀ láìsí ohun tó ń ṣe é. Ẹja lè fi ẹ̀sùn kan omi, ṣùgbọ́n kò lè dá a láre. Ẹ máa se omi mímu.

Ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa ẹja wà ní Iléeṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn àti Ìdàgbàsókè Ìgbèríko ní Sẹkitéríàtì, Àgódi. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ọ̀sìn ẹja wà, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ẹranko náà wà ní Moor Plantation.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ bu omi táǹkì sínú ìgò mímọ́ kan, kí ẹ kún un dé ẹnu. Ẹ bu omi kànga sínú òmíràn. Ẹ mú ẹja kan tó ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tí kò tíì kú, nínú omi rẹ̀. Bí ó bá ti kú, kí ó jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ẹ sì gbé e sórí yìnyín. Òkú tó ti wú kò ní ẹ̀rí kankan láti sọ mọ́. Ẹ mú àkọsílẹ̀ yín dání.

A rọ gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa tó ń sin ẹja pé kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí ní gbogbo ìgbà: mélòó ni, ìgbà wo, kí ni ó yí padà? Ẹja tútù ni a ń ká. Ẹni tó bá tètè yẹ omi wò nígbà tí ẹja ṣì ń fi ìwà sọ̀rọ̀ yóò dá owó rẹ̀ àti ìlera ilé rẹ̀ sí.